Jíìpù Olówó Ńlá, Ẹ́ńjìnnì Inú Rẹ̀ àti Owó Kòkó Wa

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ, aṣọ àti ìtọ́jú ọmọ ni a sábà máa ń sọ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìtọ́jú ilé kò mọ sí ìdí ààrò nìkan. Ohunkóhun tí ó bá lè kó owó ilé lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lóṣù yìí nípa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Ìyá kan tí ó ń gbé ní abúlé kan lẹ́bàá Àkànrán, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà, ni ó kọ̀wé sí mi. Ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun, n kò sì ní í dárúkọ rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni pé kòkó ọdún 2024 mú owó wọlé fún baálé rẹ̀ ju bí ó ti rí rí lọ. Wọ́n fi díẹ̀ tún òrùlé ṣe, wọ́n fi díẹ̀ san gbèsè, wọ́n sì kó èyí tí ó kù sí báńkì. Nísinsìnyí, baálé náà fẹ́ fi ra jíìpù Lexus tòkunbọ̀ kan. Owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó, ó sì fẹ́ kí ìyá yìí lọ yá èyí tí ó kù nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ó ti ń dá owó sí láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọbìnrin wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì. Ìyá náà kọ ọ́ báyìí pé: "Baálé mi kì í ṣe onínàákúnàá. Ó ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà kì í bàjẹ́, pé bí a bá ti rà á, ó parí. Èmi kò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì. Ṣé òótọ́ ni?"

Ìbéèrè gidi ni ìyá wa béèrè. Kò yẹ kí a fi ẹ̀rín dá bàbá náà lóhùn. Ẹni tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀kadà, nínú eruku ọ̀gbẹlẹ̀ àti ẹrẹ̀ òjò, bí ó bá fẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ tí ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, kò dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí ó wu ni kò burú, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tẹ̀yìn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni.

OWÓ KÒKÓ LÁNÀÁ ÀTI LÓNÌÍ

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, iye tí wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù kòkó kan ní ọjà àgbáyé kọjá dọ́là 10,000. Nígbà tí ó fi di oṣù kejìlá ọdún náà, ó ti lé ní dọ́là 12,000. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ohun tí ó fà á ni pé ìkórè kùnà ní Ghana àti Côte d'Ivoire, níbi tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú kòkó àgbáyé ti ń wá. Òjò ṣe ségesège lọ́dọ̀ wọn, àrùn sì ba igi kòkó jẹ́. Àdánù wọn ni ó di èrè fún àwọn àgbẹ̀ tiwa ní Ọ̀nà-Àrà, Ẹgbẹ́dá, Lágelú àti Akínyẹlé. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2025 ni iye náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, ó ti já sí nǹkan bí ìdajì.

Àwọn òbí wa àgbà ti rí irú èyí rí. Ní ọdún 1954, owó kòkó lọ sókè gidigidi, lẹ́yìn náà ni ó sì tún wálẹ̀. Àwọn kan fi owó irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ra ọkọ̀, àwọn kan fi fẹ́ ìyàwó kún ìyàwó. Ṣùgbọ́n owó kòkó náà wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà gbójú lé tí ó fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Òun náà ni a fi kọ́ Ilé Kòkó alájà 26 tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní ọdún 1965. Àwọn ọkọ̀ ìgbà náà ti di ìpàǹtí irin. Àwọn ọmọ tí wọ́n lọ sí iléèwé ni wọ́n dàgbà tí wọ́n kọ́ àwa náà níwèé.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ ẸŃJÌNNÌ NÁÀ?

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ṣàlàyé rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù, afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù a máa dà pọ̀ nínú ihò irin kan tí a ń pè ní sílíńdà. Irin mìíràn tí a ń pè ní písítìnì a máa fún àdàlù náà mọ́ra, púlọ́ọ̀gì a sì ṣá iná sí i. Iná yìí ni ó ń ti písítìnì padà sísàlẹ̀ tí ọkọ̀ fi ń rìn. Ẹ wò ó bí odó àti ọmọ odó: sílíńdà ni odó, písítìnì ni ọmọ odó, iná ni ó sì ń gún un dípò ọwọ́. Nínú Lexus tí baálé ìyá wa ń fẹ́, irú odó bẹ́ẹ̀ mẹ́fà ni ó wà, mẹ́ta ní apá kan, mẹ́ta ní apá kejì. Apá méjèèjì fẹ̀gbẹ́ sí ara wọn bí lẹ́tà V. Ìdí nìyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń pè é ní V6. Ọkọ̀ kékeré bí Corolla, mẹ́rin péré ni tirẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ààrò mẹ́fà a máa jẹ igi ju ààrò mẹ́rin lọ.

Lókè àwọn odó yìí ni àwọn ìdérí kéékèèké wà tí a ń pè ní fáàfù. Wọ́n ń ṣí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, wọ́n sì ń ṣí kí èéfín lè jáde. Písítìnì àti fáàfù gbọ́dọ̀ máa rìn ní ìbámu, bí ìgbà tí obìnrin mẹ́ta bá ń gún iyán nínú odó kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan bá ṣi ọwọ́ gbé, iṣẹ́ dàrú. Ohun tí ó ń mú wọn rìn ní ìbámu ni bẹ́líìtì rọ́bà tàbí ṣéènì irin. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé òun ni ó ya ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ yìí sọ́tọ̀ sí èkejì.

LEXUS MẸ́TA TÍ A Ń RÍ LÓJÚ PÓPÓ

Ilé iṣẹ́ Toyota ti ilẹ̀ Japan ni ó ń ṣe Lexus. Irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn tòkunbọ̀ wa ni èyí tí a ń pè ní RX, mẹ́ta nínú wọn ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Èkínní ni RX 300, tí ó dé ọjà Amẹ́ríkà ní ọdún 1998. Ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ sísí 2,995, èyíinì ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà mẹ́ta. Agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 220. Bẹ́líìtì ni ó ń lò. Àlébù kan wà tí a mọ̀ mọ́ irú ẹ́ńjìnnì yìí: bí a bá fi ọ́ìlì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ jù láìpààrọ̀, ọ́ìlì náà a dì sínú rẹ̀ bí ọ̀dà, kò sì ní í lè ṣàn dé ibi tí ó yẹ mọ́. Ẹ̀hónú pọ̀ ní Amẹ́ríkà tó bẹ́ẹ̀ tí Toyota fi gbà ní ọdún 2002 láti máa tún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣe fún ọdún mẹ́jọ láti ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà. Ọdún mẹ́jọ náà ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Ẹni tí ó bá rà á lónìí, òun nìkan ni yóò ru ẹrù rẹ̀.

Èkejì ni RX 330, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ọdún 2004. Sísí 3,311 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 230. Òun náà ń lo bẹ́líìtì. Bẹ́líìtì yìí ní ọjọ́ orí: bí ọkọ̀ bá ti rin máìlì 90,000, èyíinì ni nǹkan bí kìlómítà 145,000, ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀ tí ó sì já, ọkọ̀ yóò dákẹ́ lójijì, ìbáà jẹ́ ní àárín ọ̀nà márosẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ a máa pààrọ̀ ẹ̀rọ tí ń fa omi pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ibì kan náà ni wọ́n wà, owó iṣẹ́ kan náà ni yóò sì gbé méjèèjì.

Ẹ̀kẹta ni RX 350, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ọdún 2007. Sísí 3,456 ni tirẹ̀, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 270. Ṣéènì irin ni ó ń lò, kò sí ọjọ́ kan pàtó tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, bí a bá sáà ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni mo lè sọ pé ó le jù. Síbẹ̀, ó ní ibi tí ó ti ń kù díẹ̀ káàtó. Nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, páìpù kan tí ń gbé ọ́ìlì lọ sókè ẹ́ńjìnnì ní rọ́bà láàrin. Bí rọ́bà náà bá gbó tí ó sì bẹ́, ọ́ìlì lè dà tán láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ́ìlì kò yàtọ̀ sí ìkòkò tí omi gbẹ nínú rẹ̀ lórí iná. Toyota fi páìpù onírin pátápátá rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ní òkè òkun, ṣùgbọ́n gbogbo ọkọ̀ kọ́ ni wọ́n gbé padà fún iṣẹ́ náà kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ọ̀dọ̀ wa.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí ọkọ̀ bá ti jẹ́ tuntun, tí owó rẹ̀ sì pọ̀, kò lè ní àlébù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Toyota kéde ní Amẹ́ríkà pé kí a dá ọkọ̀ tí ó tó 102,000 padà. Lexus LX 600, tí ó ga jù RX lọ jìnnà nípa owó, wà lára wọn. Ìdí rẹ̀ ni pé ìdọ̀tí irin tí ó ṣẹ́ kù sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n ń ṣe é lè mú kí ó kú lójú ọ̀nà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pé ẹ́ńjìnnì kan kì í bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni tí ń tajà ni. Ẹ́ńjìnnì tí a bá tọ́jú ni ó ń pẹ́.

OHUN TÍ Ó Ń PA ẸŃJÌNNÌ LỌ́DỌ̀ WA

Àkọ́kọ́ ni ọ́ìlì. RX 350 a máa gba ọ́ìlì tí ó lé ní lítà mẹ́fà. Kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́rin kan kò tó o, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ra ẹyọ kan, tí mẹkáníìkì a sì sọ pé ó ti tó. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ náà wá láti Amẹ́ríkà sọ pé kí a pààrọ̀ rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti rin máìlì 5,000 tàbí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, èyí tí ó bá kọ́kọ́ pé. Lójú ọ̀nà eléruku bíi tiwa, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má jẹ́ kí ó kọjá kìlómítà 5,000.

Ìkejì ni omi. Ẹ wo ìdí kẹ́túlù tí a ti fi omi kànga sè fún ọdún kan. Ẹ ó rí èèpá funfun tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni omi kànga àti omi odò ń ṣe sí inú rèdíétọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìpẹtà yóò dé, ojú ọ̀nà omi yóò dí, ẹ́ńjìnnì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Alumíníọ̀mù ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ́ńjìnnì yìí. Bí ó bá gbóná kọjá ààlà, a máa wọ́, omi àti ọ́ìlì yóò sì dà pọ̀. Omi aláwọ̀ tí ilé iṣẹ́ ṣe fún un ni kí a máa lò. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ṣí ìdérí rèdíétọ̀ nígbà tí ó bá gbóná, nítorí pé omi gbígbóná tí ó ń fò jáde ti bó ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú àti láyà.

Ìkẹta ni eruku. Ẹ́ńjìnnì ní asẹ́ tirẹ̀, bí èyí tí a fi ń sẹ́ ògì. Afẹ́fẹ́ tí ó ń mí sínú, inú asẹ́ yìí ni ó ń gbà. Ní àkókò ọyẹ́, lójú ọ̀nà àwọn abúlé tí kò ní ọ̀dà, asẹ́ yìí a máa dí kíákíá. Ẹ jẹ́ kí a máa yọ ọ́ wò lóṣooṣù.

Ìkẹrin ni bẹntiróòlù tí kò dára. Ní oṣù kejì ọdún 2022, bẹntiróòlù tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ wọ Nàìjíríà láti òkè òkun, ìjọba fúnra rẹ̀ sì kéde rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti tú u sí ilé epo. Mẹtanọ́ọ̀lù a máa fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ rọ́bà àti irin. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ni ó pàdánù owó nígbà náà. Ẹni tí ó bá ń ra epo inú kẹ́ẹ̀gì létí ọ̀nà, kò mọ ohun tí ó ń rà. Ẹ̀yin ìyá, mo tún bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe gbà kí a tọ́jú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù sínú ilé, pàápàá lẹ́bàá ilé ìdáná, ìbáà jẹ́ fún alẹ́ ọjọ́ kan péré. Ooru rẹ̀ tí ojú kò rí a máa rìn nílẹ̀ títí yóò fi kan iná.

KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ìyàwó ilé tí ó mọ bí a ṣe ń yan iṣu àti ẹran lọ́jà lè yẹ ọkọ̀ wò. Ohun tí ojú àti imú yín mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ ó lò.

1. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan ìdérí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé. Ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

2. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín, tí kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á, ṣí ibi tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì sí i. Bí ohun tí ó dà bí ọṣẹ dúdú tí ó gbẹ bá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, wọn kì í pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò. Bí ó bá funfun tí ó sì ki bí ògì, omi lè ti wọ inú ọ́ìlì.

3. Ẹ wo èéfín. Èéfín tí ó ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni ó ń jó. Èéfín funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná, omi ni ó ń wọ sílíńdà. Èéfín dúdú, bẹntiróòlù ni ó ń ṣòfò.

4. Kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì. Iná tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn, kí ó sì kú lẹ́yìn tí wọ́n bá tan ọkọ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti pa á kí ẹ má baà rí àìsàn ọkọ̀.

5. Ẹ béèrè bóyá máìlì tàbí kìlómítà ni mítà ń kà. Máìlì ni ti àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Máìlì kan tó kìlómítà 1.6. Ọkọ̀ tí mítà rẹ̀ bá ka 120,000 ti rin kìlómítà 190,000 ó lé.

6. Ẹ wo nọ́ńbà ṣásíì. Ó ní àmì 17. Nínú àwọn ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, ìkẹwàá nínú wọn ni ó ń sọ ọdún ọkọ̀: 4 ni ti 2004, 7 ni ti 2007, A ni ti 2010. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé 2007 ni ọkọ̀ tí ìkẹwàá rẹ̀ jẹ́ 4, ẹ kí i kí ẹ sì máa lọ.

7. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ọkọ̀ sókè kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí aṣọ tí a kó pamọ́ láìgbẹ, tí irin abẹ́ àga sì ti dípẹtà, omíyalé ti bo ọkọ̀ náà rí.

8. Bí ó bá jẹ́ RX 330, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé ẹ̀rí, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ ó san. Bí ó bá jẹ́ RX 350, kí mẹkáníìkì wo páìpù ọ́ìlì bóyá rọ́bà wà láàrin rẹ̀.

ÌṢIRÒ ORÍ TÁBÌLÌ

Iye tí a fi ra ọkọ̀ kì í ṣe iye ọkọ̀. Ẹni tí ó ra ẹṣin ní láti ra koríko lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú bébà àti bírò.

Ká ní bàbá náà ń rin kìlómítà 40 lójúmọ́, lálọ àti lábọ̀, fún ọjọ́ 25 nínú oṣù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1,000. RX a máa jẹ nǹkan bíi lítà 13 fún kìlómítà 100, bí ọ̀nà bá dára. Lítà 130 nìyẹn lóṣù kan. Bí a bá fi ₦1,000 ṣe iye lítà kan kí ìṣirò lè rọrùn, ₦130,000 ni yóò máa lọ lóṣooṣù, tàbí ₦1,560,000 lọ́dún. Kí ìjọba àpapọ̀ tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí iye tí ìjọba fọwọ́ sí kò tó ₦200, ìrìn kan náà kò ní í gbà tó ₦26,000 lóṣù. Owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin ọdún 2024 là sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ jẹ́ ₦70,000. Bẹntiróòlù ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. N kò tíì dárúkọ ọ́ìlì, táyà, ìwé ọkọ̀, ìdíyelófò àti mẹkáníìkì. Ẹrẹ̀, ẹ̀rọ atẹ́gùn tútù àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò sì tún fi kún lítà 13 náà.

Ọkọ̀ kékeré onísílíńdà mẹ́rin bíi Corolla yóò jẹ nǹkan bíi lítà 8 fún ìrìn kan náà. Ìyẹn jẹ́ ₦80,000 lóṣù. Ìyàtọ̀ ₦50,000 lóṣooṣù ni, tàbí ₦600,000 lọ́dún. Bí iye epo bá yàtọ̀ ní ọjọ́ tí ẹ bá ka ìwé yìí, ẹ fi iye tuntun rọ́pò ₦1,000 kí ẹ tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Orí irú ìpìlẹ̀ tí Toyota ń lò fún Camry ni wọ́n kọ́ RX lé. Ọkọ̀ ìlú ni, àní bí ó tilẹ̀ ga díẹ̀. Àpò kòkó mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní kìlógíráàmù 60, kò ní í wọ inú rẹ̀ láìbà á jẹ́. Kò lè gbé gbágùúdá láti oko lọ sí Mọníyà, kò lè kó ọjà láti Lálúpọn tàbí Ẹ̀rúnmú wọ Ìbàdàn. Ọkọ̀ tí yóò máa jẹ owó láìpa owó wọlé ni.

ÌDÁHÙN MI SÍ ÌYÁ WA

Ìyá mi, ìbéèrè yín ni pé ṣé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ baálé yín. Apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ẹ́ńjìnnì RX 350, bí a bá rí èyí tí wọ́n tọ́jú dáadáa, lè rin kìlómítà 300,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n pé bí a bá ti rà á ó parí, èyí kì í ṣe òótọ́. Ọjọ́ tí a rà á ni ìnáwó bẹ̀rẹ̀.

Nípa owó ẹgbẹ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má yá a fún jíìpù. Owó ọdún mọ́kànlá yín ni ìdúró yín, orúkọ yín sì ni yóò wà lórí gbèsè náà bí kòkó bá tún wálẹ̀. Ẹ yá owó ẹgbẹ́ fún ohun tí yóò mú owó padà wá, kì í ṣe fún ohun tí yóò máa béèrè òmíràn.

Nípa bí ẹ ó ṣe bá baálé yín sọ ọ́, ẹ má ṣe gbé e kalẹ̀ níwájú àlejò tàbí níwájú àwọn ọmọ. Ẹ dúró di alẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹun tán. Ẹ fi ìṣirò yìí hàn wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn fúnra wọn fi ẹnu ara wọn ka iye rẹ̀. Ẹ má sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ra ọkọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé: "Kí ni a ó fi máa bu epo sí i bí kòkó kò bá so dáadáa lọ́dún tó ń bọ̀?" Ọkùnrin tí kì í ṣe onínàákúnàá yóò ronú lé e lórí.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìlànà yìí wá. Ẹ jẹ́ kí owó ìwé ọdún àkọ́kọ́ ti ọmọ yín kúrò nínú owó báńkì náà ṣáájú ohun gbogbo. Kí ọmọ náà tún béèrè nípa ètò àwìn ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin gbé kalẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nítorí pé kò ní èlé. Kí apá kejì lọ sínú oko: igi kòkó tí ó ti darúgbó ń fẹ́ àrọ́pò, pèpéle ìsákòkó sì ń fẹ́ àtúnṣe. Bí owó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn èyí, kí bàbá fi ra ọkọ̀ tí agbára wọn ká láìyáwó. Bí wọ́n bá ń fẹ́ èyí tí ó ga, tí ó sì níyì, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré bíi Hilux onísílíńdà mẹ́rin, sísí 2,694, ní ṣéènì, ó lè wọ oko, ó sì lè gbẹ́rù kí ó pa owó epo ara rẹ̀ wọlé. Kò sí ẹni tí yóò rí i lẹ́nu ọ̀nà tí kò ní í kí wọn kú oríire.

Bí ó bá sì jẹ́ pé Lexus náà ni ọkàn wọn yàn, tí owó wọn sì tó láìfọwọ́ kan ti ọmọ àti ti ẹgbẹ́, ẹ bá wọn yọ̀. Ẹ bá wọn lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì mú ìwé yìí dání. Kí wọ́n fi RX 300 sílẹ̀, kí wọ́n yẹra fún RX 330 tí kò ní ìwé ẹ̀rí bẹ́líìtì, kí wọ́n sì fọkàn sí RX 350 tí ọ́ìlì rẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà wa ní, àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kòkó yóò tún so, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ṣùgbọ́n iye tí ọjà yóò dá lé e kò sí lọ́wọ́ wa. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa ni ohun tí a bá fi ti àná ṣe.

Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún kọ̀wé kí a lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ẹ̀yin yòókù, bí ẹ bá ní ìbéèrè nípa ẹ̀rọ tí ń jẹ owó ilé yín, ìbáà jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ fi ránṣẹ́. Ó dìgbà kan ná.